Eegun Ti So, Aránṣọ Kò Padà Sídìí Ẹ̀rọ

Obìnrin tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ránṣọ ní Kétu, nílẹ̀ Bénin. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó bí ọmọ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní Abẹ́òkúta, ó sì ń wálé lóṣooṣù bí owó ọkọ̀ bá wà. Ìyá Aránṣọ ni àdúgbò ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe máa pè é níhìn-ín. Ó gbà kí n kọ ọ́, mo sì ti pa àwọn nǹkan kan dà kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí i lọ́jà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Oṣù keje lẹ́yìn ìjàǹbá ló tó dé ọ̀dọ̀ mi, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ló gbé e wá. Orí fífọ́ ni.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jẹ́ 162 lórí 100. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má sọ̀rọ̀, mo tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó lóyún àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù. Mo bi í léèrè oògùn tó ń lò. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ: diclofenac ni, oríṣi àwọ̀ méjì, kò ní páálí, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀. Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, láti oṣù Ẹrẹ́nà. Obìnrin kan tó ń gbé igbá oògùn kiri ló ń tà á fún un.

Láti ọdún 2017 tí ìjọba Bénin ti gbógun ti ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà lójú pópó ti parí. Igbá orí kò tíì parí ní tiwa. Diclofenac kì í ṣe oògùn burúkú fún ìrora ọjọ́ mélòó kan. Bí ènìyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún, á jẹ́ kí iyọ̀ àti omi dúró sí ara, ẹ̀jẹ̀ á ru, inú á máa ta, kíndìnrín náà á sì máa jìyà láì pariwo. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún rí tún wá wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà mo ní kó ká ìró sókè kí n rí ẹsẹ̀ tí oògùn náà wà fún. Eegun ojúgun ọ̀tún ti so. Ó yọ gúdúgúdú díẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mì, kò sì ro ó nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò eegun tí wọ́n yà lóṣù kan ṣáájú sọ ohun kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé eegun nìkan ni ènìyàn, ara obìnrin yìí ti yá.

Ojú ọ̀nà Pọ́bẹ̀

Oṣù Ṣẹẹrẹ 2024 ni, ọyẹ́ ṣì mú. Ó lọ ra òwú, sípù àti aṣọ ìtẹ́nú ní Pọ́bẹ̀, ó ń padà bọ̀ wá sí Kétu lẹ́yìn zẹ̀mí, alùpùpù akérò, ní ìrọ̀lẹ́. Alùpùpù kan ń bọ̀ níwájú wọn tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì kpáyọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì títí tó fi fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Kò sí aráàlú wa tí n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe kpáyọ̀ fún: epo tó ń gba ẹnubodè wọlé láti Nàìjíríà ni, òun ni wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà gbogbo. Ọkùnrin náà yà fún kòtò, igun ẹrù rẹ̀ gbá zẹ̀mí wọn, àwọn méjèèjì ṣubú. Àwọ̀ nìkan ló bó lára onízẹ̀mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Aránṣọ ni alùpùpù wó lé, kẹ́ẹ̀gì kan bẹ́, epo sì dà sí i lára láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ènìyàn pé lé e lórí, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2023, oṣù mẹ́rin péré ṣáájú, iná ti jó ibi tí wọ́n ń kó kpáyọ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ó lé ní 30 ènìyàn tó kú, kò sì sí ẹni tí fídíò rẹ̀ kò dé orí fóònù rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn obìnrin yìí nìyẹn nígbà tó wà nílẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti sọ ọ́ fún mi, ó ní: “Dókítà, ẹsẹ̀ kò tíì dùn mí nígbà yẹn. Iná ni mò ń retí.”

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Kò sí nínú ìwé kankan nílé ìwòsàn.

Kò dé àṣíborí. Orí rẹ̀ kò gbá nǹkan, oríire ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé àṣíborí ń dín ewu ikú oníàlùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Mo mọ ìdáhùn àwọn obìnrin wa: ta ló máa fi akoto tí ogún orí ti dé wọ irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá lè ra tirẹ̀, kó rà á, kó máa gbé e lọ́wọ́ bí ìgbà tó ń gbé báàgì.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò: eegun ojúgun méjèèjì ló ṣẹ́ láàárín. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nítorí awọ tó bó, wọ́n sì fi pilátà, ẹfun tó ń gan bí òkúta, dì í láti itan dé ọmọ ìka. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn, nítorí eegun ojúgun kò lè so dáadáa bí orúnkún lókè àti ọrùn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ bá ń mì. Wọ́n ní kó má jẹ́ kí omi kàn án, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó bi í léèrè irú ṣáláńgá tó wà nílé rẹ̀.

Adìẹ tó kọ́kọ́ rìn

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, àbúrò ọkọ rẹ̀ fi ayùn ya pilátà náà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń to eegun ní ẹ̀yìn ìlú. Ẹ̀yin tó ń retí pé kí n bú baba náà, ẹ máa bínú. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ọparun dì pa, tí ọmọ ìka dúdú bí èédú, tí wọ́n sì gé e ní orúnkún. Irú èyí wà, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Baba yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò di igi náà le, ó ń tẹ ọmọ ìka rẹ̀ wò láràárọ̀, ó ń fi òrí àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ ọ, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi í pé ṣé ó ń rí oorun sùn. Láàárín gbogbo àwa tó wọ aṣọ funfun, kò sí ẹnì kan tó ti bi í ní èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni adìẹ. Ẹ mọ àṣà náà: wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọ́n á máa tọ́jú òun àti aláìsàn pọ̀, ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni ènìyàn náà yóò rìn. Kò pé oṣù kan tí adìẹ ti ń sá kiri àgbàlá. Ìyá Aránṣọ gbìyànjú láti dìde, ó ṣubú.

Eegun ẹyẹ máa ń so láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eegun ojúgun àgbàlagbà máa ń gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹran tó bo iwájú ojúgun kò tó nǹkan, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò sì pọ̀. Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà lórí ẹní kò mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé adìẹ rìn, òun kò rìn. Ìbátan ọkọ rẹ̀ kan wá kí i, ó ní ọwọ́ ayé ni, kí ó wo ẹni tí ó ṣẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ka orúkọ àwọn ènìyàn lóru: ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ẹni tí aṣọ rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó rán an, orogún ìyá rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ ìjàǹbá lòun sunkún, ọjọ́ adìẹ ni.

Ohun tí ẹsẹ̀ kan kó wọlé

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé òun ló sì ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí ọmọ ọdún 29 ju ohunkóhun lọ. Nípa àwọn tó farapa tí wọn kò kú, iye tí wọ́n kọ ni láàárín mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 50. Ẹ wo àlàfo yẹn. Wọ́n ka òkú dé ẹgbẹẹgbàárùn-ún. Ti alààyè, mílíọ̀nù 30 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àfojúdíwọ̀n. Ìyá Aránṣọ wà nínú àlàfo náà, nítorí lọ́jọ́ tí fọ́tò eegun rẹ̀ dára ni orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ṣáláńgá ilé rẹ̀ jẹ́ ti ìlóṣòó. Láti lóṣòó, orúnkún ní láti ká ju igun 120 lọ, ọrùn ẹsẹ̀ náà sì ní láti tẹ̀ síwájú. Nígbà tí pilátà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ṣeé ṣe rárá. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, orúnkún ti gan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbá a mú lábíyá lóru, kí ará ilé má baà rí i. Ìyá Aránṣọ wá rí ọgbọ́n dá sí i: ó dẹ́kun omi mímu. Ife kan láàárọ̀, ó tán. Ó dín oúnjẹ kù pẹ̀lú, èyí tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ wá kò sí mọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà mìíràn kó tó yàgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ìtọ̀ ti ń ta á bí ata, tó ra oògùn sí i lọ́dọ̀ obìnrin onígbá kan náà. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ á rí àìsàn ìtọ̀, á rí inú kíkún, á rí ẹ̀jẹ̀ ríru, á sì rò pé aláìsàn mẹ́ta ni. Àga oníhò kan ṣoṣo ni ibẹ̀ ń fẹ́.

Ìkúnlẹ̀ ni èkejì. Orúnkún rẹ̀ kò ká ju igun 70 lọ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Láti kúnlẹ̀ kí àgbà, ó kéré tán, ó ní láti dé 90. Musulumi ni. Àlùfáà ti sọ fún un láti ọ̀sẹ̀ kejì pé kó jókòó kírun, Ọlọ́run kò ni í lára. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó lè jókòó kí ìyá ọkọ. Ní Kétu, kí ìyàwó ilé wọlé kó nà ró gbọnrangandan níwájú àwọn àgbà ìdílé, ojú ló máa ń tì í kí ojú tó ti ẹlòmíràn. Ó wá ń sá fún wọn. Kò lọ sí ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, àbúrò kan náà tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atoeegun. Wọ́n ní ó ti gbéra ga, pé owó onízẹ̀mí ló ń jẹ. Owó wo? Ìdílé onízẹ̀mí wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n mú 40,000 sẹ́fà wá, owó tí ó ti ná sì ti lé ní 200,000. Ẹni tó gbé kpáyọ̀ kò dúró, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Owó jáde bó ṣe máa ń jáde, n kò ní fa ìyẹn gùn: ó kó àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò, kò rí owó dá padà, ìyá alájọ yọ orúkọ rẹ̀; nínú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta, méjì bá ọ̀gá mìíràn lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbá a mú lóru yẹn ń múra ìdánwò BEPC, ti ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, lọ́dún náà. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń dáná, òun ló ń pẹ́ dé ilé ìwé. Ó fìdí rẹmi ní oṣù Òkudù.

Ìgò epo tó wà lẹ́nu ọ̀nà

Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí kò fi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára, òtítọ́ ni: mo fi okùn wọn itan rẹ̀ méjèèjì, ti ọ̀tún fi sẹ̀ǹtímítà 4 kéré sí ti òsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jẹ́ ti ìfẹsẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń fi ọ̀pá kan rìn láti ilé dé ìtòsí Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu, kó sì padà. Ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè gé aṣọ lórí ìjókòó, ó lè máa kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó kù, ó lè máa wọn oníbàárà. Ọkọ rẹ̀ sọ lórí fóònù pé ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ ní ayé ló dè é mọ́lé.

Mo bi í pé kó sọ fún mi bó ṣe ń rìn lọ síbẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ìdí ẹ̀rọ, kó má fo nǹkan kan. Ó sọ ọ́ dé ibi igi máńgòrò, ó sọ ọ́ dé ìdí ọlọ́gì, ó dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an ni obìnrin kan ń gbé tábìlì kpáyọ̀ sí, ìgò lórí ìgò, pẹ̀lú àrọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti jọ wà níbẹ̀, òórùn epo náà kò sì yọ ọ́ lẹ́nu rí. Láti ìgbà ìjàǹbá, bí òórùn yẹn bá ti kàn án nímú, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, òógùn á bò ó, ara rẹ̀ á tún dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀ tí ó ń retí iná. Ó ti gbìyànjú láti lọ, ó yí padà. Ó wá sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun, nítorí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n lè gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń bi í pé ẹsẹ̀ ńkọ́, ó ń gbé diclofenac mì kí ohun tó sọ lè jọ òtítọ́, títí ó fi di òtítọ́.

Lálẹ́, àlá ni. Kẹ́ẹ̀gì ń bẹ́. Bí alùpùpù bá sáré kọjá níwájú ilé, á ta gìrì jí, ọmọ tó sùn tì í á jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù lẹ́yìn ìjàǹbá kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀; ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ní in fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ó sì ń lọ. Bó bá kọjá oṣù kan tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì ń padà wá lójú àlá tàbí lójú mọ́mọ́, tí ènìyàn ń sá fún ohun tó bá rán an létí, tí ara rẹ̀ sì ń ṣọ́nà ṣáá bí ẹni pé ewu ṣì wà níbẹ̀, a ti kúrò nínú ìpayà lásán. Mo tún bi í ní ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò: oorun, oúnjẹ, agara, bóyá nǹkan kan ṣì ń wù ú, bóyá ó ń rò pé ó sàn kí òun kú. Nínú 27 tó lè ga dé, ó ní 16. Sí èyí tó kẹ́yìn, ó ní òun kò ní pa ara òun, àmọ́ òun ti bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí iná kò fi ràn.

Ohun tí a ṣe

Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ ni, nítorí pé ó lè pa á. A dá diclofenac dúró, a fi paracetamol rọ́pò rẹ̀ fún ọjọ́ tí ara bá ro ó, dókítà sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, a sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò ìgbà gbogbo tó ń ra kóró méjì-méjì.

Káfíńtà àdúgbò kan àga onígi, ó dá ihò sí àárín rẹ̀, ó gbé e ka ihò ṣáláńgá. 6,000 sẹ́fà ló gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí àga náà dé ni Ìyá Aránṣọ ti ń mu omi bí ènìyàn. N kò tíì rí oògùn tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní iye yẹn, ó sì ń bí mi nínú pé a kì í kọ ọ́ sínú ìwé tí a ń fún àwọn tí a fi pilátà dì.

Fún ẹsẹ̀, oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan kan láti Àjàṣẹ́ tó ń wá sí agbègbè wa fi bí á ṣe máa na orúnkún àti bí á ṣe máa ká a hàn án, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná. Òun náà ló rí ohun tí kò sọ sí mi lọ́kàn: pẹpẹ ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an jẹ́ ohun èlò ìtọ́jú. Ọrùn ẹsẹ̀ tó gan ni pẹpẹ yẹn ń gbé sókè sódò. Kó yọ okùn àgbá kúrò kí abẹ́rẹ́ má sí nínú ọ̀rọ̀ náà, kó fi ẹsẹ̀ òsì tì í, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún kàn gbé lé e lórí kó máa bá a lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá sílé fún un lákọ̀ọ́kọ́. Ó tún yá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ó ń fi ìyẹn rán etí ìró fún àwọn aládùúgbò, owó oúnjẹ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló le jù láti gbé kalẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn, ó dìde dúró. Ó ní ṣé òun ti ya wèrè ni? Mo sọ ìtàn Grégoire Ahongbonon fún un, ọmọ Bénin tó ń ṣe iṣẹ́ táyà ní Kodifuà, tí iṣẹ́ rẹ̀ dojú dé, tí ìbànújẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ, kó tó di ẹni tó ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tó sì dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ó bi mí bóyá oníṣẹ́ táyà ni lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó padà. Nígbà tó yá, ó gbà láti rí nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn, ẹni tó ń jẹ́ kó sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí tí kò fi gbọ̀n mọ́ níbi iná.

Oníkpáyọ̀ ńkọ́? Èmi ni mo lọ bá a, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ìyá Aránṣọ. Mo rò pé á bínú. Ó di ọwọ́ mẹ́nu. Ó ní: “Haà, Ìyá Aránṣọ! Mo rò pé nítorí gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ni kò ṣe wá mọ́.” Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ilé ọlọ́gì, ibi tí afẹ́fẹ́ kì í ti fẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó sì san gbèsè náà.

Mo bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó yẹ ni. Mo ní, “Ìyá, eegun ti so, oríkèé ni kò tíì gbọ́ràn. Bó bá fi tipá kúnlẹ̀ báyìí, á tún fọ́.” Ìyá dákẹ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé àpótí kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tiwọn. Wọ́n ní kí ìyàwó wọn máa jókòó síbẹ̀ kí wọn, kó máa tẹ orí ba. Ẹni tó bá ní ẹnu, kó wá bá àwọn sọ ọ́. Mo ti rò pé ìyá yìí ló máa le jù.

Ibi tí wọ́n wà báyìí

Ó ti lé ní ọdún kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 136 lórí 84 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, dókítà sì ti dín oògùn rẹ̀ kù, kò tíì dá a dúró. Orúnkún rẹ̀ ká dé 110. Ó ń kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì, ó ń lo àga ṣáláńgá síbẹ̀. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìfẹsẹ̀tẹ̀ ló ń lò, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tuntun kan sì ti kún ẹni tó kù. Ó ń gun zẹ̀mí ní ọ̀sán pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀, ó ra àṣíborí tirẹ̀, kò gùn ún ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti tọrọ gáfárà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Bóyá ó dárí jì í, mi ò bi í.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń tún kíláàsì BEPC ṣe. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó mọ̀wé, àmọ́ kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án bí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà. Á máa wo fóònù, á máa yọjú sí ojú ọ̀nà. Òun náà ti pẹ́ tí kò sùn dáadáa. Kò sí eegun kan tó ṣẹ́ lára rẹ̀, kò sì sí lórí alùpùpù lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sí ìwé kankan tó ń jẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti ní kí Ìyá Aránṣọ mú un wá lọ́jọ́rú tó ń bọ̀, mo sì ti ṣí ìwé náà sílẹ̀.